Gíláàsì Mẹ́ta Lójú Ọ̀nà Odò

Ewúrẹ́ mẹ́rin ló ti sọ nù kí wọ́n tó dárúkọ àbúrò mi pé òun ló ń jí wọn. Ìkarùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló rí i. Ojú irin ti dé Ọ̀fà nígbà náà, wọ́n ń là á síwájú lọ sí ọ̀nà Ìlọrin, àbúrò mi sì wà lára àwọn lébìrà tó ń ru pákó. Ìdájí ló ń gba ọ̀nà odò lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ló ti rí ẹran náà lẹ́bàá igbó, tí ọ̀fun rẹ̀ ti ya, tí ìdajì itan rẹ̀ ti lọ. Ó gbé e kọ́ èjìká, ó gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, ẹ̀jẹ̀ sì bo aṣọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Oore tó ṣe náà ló fẹ́ lé e kúrò nílùú.

Ẹni tó ni àwọn ewúrẹ́ yìí ni olórí àwọn ọdẹ. Ó wo àbúrò mi, ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni ẹran mi wà?”

Baba mi, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, ní iṣẹ́ ẹkùn ni. Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwùjọ. Olórí ọdẹ ló pa ẹkùn tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti ìkẹyìn nínú igbó yẹn, ẹkùn náà ni wọ́n sì fi ń kì í di òní. Ó ní kò sí ẹkùn kankan níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé irọ́ lòun ń pa láti ọjọ́ yìí wá. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún wa di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀: bí a kò bá fi ẹkùn náà hàn, kí àbúrò mi wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sísàlẹ̀ sí Èkó, kó má sì padà wá.

Baba mi wá ojú ẹsẹ̀ títí. Ilẹ̀ yangí ni ọ̀nà odò, ibi tí kì í bá sì ṣe yangí, ẹsẹ̀ àwọn lébìrà ti tẹ̀ ẹ́ pa. Kò rí nǹkan kan.

Inú tètè máa ń bí mi. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀bá ààrò ni ìyá mi bí mi sí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn ẹ̀rù ló bà mí, nítorí èmi àti àbúrò mi nìkan ló kù lọ́mọ ìyá wa.

Òyìnbó kan wà tó ń wọn ilẹ̀ fún ojú irin. Èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní àpótí ayàwòrán kan tó máa ń gbé sójú ọ̀nà ẹran. Á ta okùn tín-ín-rín dábùú ọ̀nà, bí ẹran bá ti kọlu okùn, ẹ̀tù tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí á gbiná yẹ̀rì bíi mọ̀nàmọ́ná, àpótí á sì ya ẹran náà sórí gíláàsì. Kì í pa á. Baba mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un: “Ọdẹ tí kì í pa ẹran, kí ló ń fi jẹ iyán?” Ṣùgbọ́n òyìnbó ti fi àwọn àwòrán kan hàn mí rí. Mo rí òyà tó ń kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ òyà, n kò mọ̀ pé ó ń mú ọmọ rìn báyẹn. Ojú tì mí díẹ̀.

Mo bẹ òyìnbó. Ó ní gíláàsì mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ òun, títí òmíràn yóò fi dé láti Èkó. Ó gbé àpótí náà lọ sí ọ̀nà odò.

Ẹtu ni gíláàsì àkọ́kọ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó ń fetí sílẹ̀. Inú òyìnbó dùn. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Èkejì mú èmi. N kò lè fara balẹ̀, mo lọ wò ó bóyá ẹran ti kọjá, ẹsẹ̀ mi sì kọ́ okùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ara mi nínú àwòrán nìyẹn, mo la ẹnu bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Òyìnbó ò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n bá okùn kẹta ní jíjá. Òyìnbó fọ gíláàsì náà nínú omi oògùn rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú agbada. Ó ní nǹkan wà níbẹ̀, òun yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nírọ̀lẹ́ bí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n má fọwọ́ kàn án, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa máa ń mú kí awọ tín-ín-rín tí àwòrán wà lára rẹ̀ lójú gíláàsì rọ̀. Ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Ọ̀sán ni ọkọ̀ ojú irin ń lọ! Mo ki ọwọ́ bọ agbada, mo yọ ọ́, mo sáré pe baba mi.

Baba mi gbé e sókè sí ojú ọ̀run. Lórí gíláàsì, ohun funfun a di dúdú, ohun dúdú a di funfun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ojú ẹsẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹkùn ni, ó dojú kọ wá gangan, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀.

Nílẹ̀ wa, bí ọdẹ bá pa ẹkùn, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kó fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í gbé e wọ ìlú ní ojú lílà, nítorí ojú ọba igbó kò gbọdọ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọba ìlú. Baba mi kò ronú. Ó fa aṣọ èjìká rẹ̀ yọ, ó fi bo gíláàsì náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

“Baba, ó tutù! Ẹ má tẹ̀ ẹ́!”

Ó ti bọ́. Nígbà tó ká aṣọ náà kúrò, awọ ojú gíláàsì ti bá a lọ bí awọ orí ẹ̀kọ gbígbóná. Koríko díẹ̀ ló kù létí gíláàsì. Àárín rẹ̀ mọ́ gaara, mo ń rí ojú baba mi ní òdì kejì.

Mo jágbe mọ́ ọn. Èmi tí mo kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ń bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ká aṣọ náà pọ̀, ó gbé e sí àyà, a lọ.

Àbúrò mi ti jókòó sí ojúde olórí ọdẹ, ẹrù rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Baba mi gbé gíláàsì kalẹ̀, ó ṣàlàyé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ọkùnrin kan sì sọ ọ́ síta: “Ojú ọmọ rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Ìyẹn ló nù kúrò.”

“Mi ò nù ún,” baba mi ní. “Mo bò ó ni.”

Olórí ọdẹ ní, “Ṣí aṣọ náà, ká rí i.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ṣí i ní gbangba.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n pariwo. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè ní téṣàn, àbúrò mi sì dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí láìwo ẹnikẹ́ni. Mi ò lè gbà á. Mo já aṣọ náà gbà ní àyà baba mi, mo fi lé olórí ọdẹ lórí itan.

Ó fi ìka méjì ṣí i, bí ẹni tó ń wá èèrà nínú oúnjẹ. Awọ gíláàsì náà ti lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó hunjọ, ó ya ní ibì kan, ṣùgbọ́n ẹkùn náà wà níbẹ̀. Èmi àti òun nìkan ló rí i.

Ó ká aṣọ náà bò ó kíákíá. Bóyá ó rò pé aṣọ nìkan ò tó, n kò mọ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dà á bo aṣọ náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kò sí ọdẹ lójúde náà tí kò mọ ẹran tí wọ́n ń bo ojú rẹ̀.

“Kí ọmọ náà gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé,” ó wí.

Ọkọ̀ ojú irin tún fọn fèrè, ó lọ. A kí i, a dìde, baba mi di ọwọ́ àbúrò mi mú bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àgbà náà ṣì jókòó nínú oòrùn, orí rẹ̀ lásán, fìlà rẹ̀ lórí aṣọ.