Ohun Tó Ń Jẹ Àyè Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí géèmù nílé wa ní Osi, ló bá ní àyè ti tán. Mo ní irọ́ ni. Géèmù mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Mo pa ọ̀kan rẹ́, àyè yọ. Nígbà tó fi máa di Àbámẹ́ta kejì, àyè náà ti tún pòórá.

Ẹnu yà mí. Bí èèyàn bá bu omi kúrò nínú ìkòkò, tí kò sẹ́ni tó pọnmi sí i, báwo ni ìkòkò ṣe ń kún?

Èmi àti àbúrò mi obìnrin là ń tọ́jú ìyá wa. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu wọn. Wọ́n ń gbọ́ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́, àbúrò mi a máa wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà náà. Ta ni mo tún fẹ́ fura sí?

"Fíìmù mélòó lo kó síbí?" Mo jágbe mọ́ ọn.

"Mi ò kó ẹyọ kan, bùrọ̀dá mi. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń wò ó."

"Ṣé àyè kàn dìde, ó rìn lọ ni?"

Omijé lé sí i lójú. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà mọ́, kò sì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni àyè ń dín kù. Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù wá bà mí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Idofin yà wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ó wá fáírọ́ọ̀sì, kò rí. Ó wá ní kí kọ̀ǹpútà to gbogbo ẹrù inú rẹ̀, èyí tó tóbi jù lókè. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Fídíò lásán ni! Gbogbo eré tí o bá ti ṣe ló ń ká sílẹ̀, láti ọjọ́ tí o ti gbé e délé. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́?"

"Pa wọ́n rẹ́ jàre."

Ó ní kóun kọ́kọ́ ṣí ọ̀kan wò. Bọ́ọ̀lù ń lọ, òǹwòran ń pariwo. Lẹ́yìn ariwo náà la gbọ́ ohùn kan: "Ẹ kó uṣu tí mo sá ọ̀ún wọlé o, òjò í bọ̀!"

Ohùn ìyá mi ni. Máìkì tó wà lára ohun tí mo máa ń dé sétí ti gbá gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé mọ́ eré.

"Má pa á rẹ́! Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Àbúrò mi sáré jáde láti ilé ìdáná. A gbọ́ bí màmá ṣe ń lé ewúrẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. A gbọ́ tí wọ́n ní, "Ọmọkùnrin yìí, géèmù ni yóò fẹ́ níyàwó." Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Àfi bí mo ṣe gbójú sókè. Màmá ń wò wá láti orí àga wọn. Wọ́n na ọwọ́ òsì sókè: ẹ dá a dúró. A dá a dúró. Ojú tì mí gidi. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn la fi ń yọ̀, a ò tiẹ̀ rántí bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọjọ́rú ni àwọn fúnra wọn nàka sí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí èyí tí wọ́n ti ní ká kó iṣu wọlé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n fọwọ́ gbá àga: tún un ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣí i.

Ọ̀rẹ́ mi ti bá mi yọ ohùn náà sọ́tọ̀, ó tọ́jú rẹ̀ síbi mẹ́ta. Àyè ti padà. Síbẹ̀ náà, bí mo bá rántí pé ẹnu mi ni mo fi sọ pé kó pa wọ́n rẹ́, àyà mi ṣì ń já.