Irun Ojú Sódìq

Bí ẹ bá rí obìnrin kan ní Agbowó tó ń lọ aṣọ bí ẹni ń bá aṣọ jà, Islamiat alágbàfọ̀ nìyẹn. Ṣakí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Ìbàdàn ló gbọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju kí èèyàn mẹ́ta dúró lọ, áyọ̀ọ́nù eléèédú sì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí iná bá lọ, iná kì í sì í pẹ́ lọ. Ó lẹ́nu, a kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, ẹni tí kò lẹ́nu rárá ì bá wá ẹnu yá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Sódìq, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Irun òkè ojú ọmọ náà dúdú, ó kún, ó sì gba orí imú kọjá láìdúró, bíi ti bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, bíi ti bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Ní agboolé wọn ní Ṣakí, wọn kì í bi Sódìq pé ọmọ ta ni. Wọ́n á wò ó lójú, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un.

Ilé ìwé ni wọ́n ti sọ ohun ẹwà di ẹ̀sín. Ẹnì kan pè é ní Afárá, pé irun rẹ̀ so ojú ọ̀tún mọ́ tòsì, orúkọ náà sì ràn. Ká ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìkan ni, à bá ní ìwà ọmọdé ni. Olùkọ́ ìṣirò náà gbà á sẹ́nu: "Afárá, dìde, wá ṣe é lójú pátákó." Àgbàlagbà! Ọmọ wá di ẹni tí ń wo ilẹ̀ rìn. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun mú àárín irun náà kúrò. Islamiat lọ bi ááfà àdúgbò, ááfà ní ẹ̀sìn kò fẹ́ kí á máa tu irun ojú, ó sì padà wá sọ fún ọmọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù aṣaralóge kan wà ní Bódìjà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń jẹ́ Ìrẹ̀mídé ló ni ín. Ẹ̀rọ oníná kan wà níbẹ̀ tó ń jó irun láti gbòǹgbò, tí kò fi ní í hù mọ́ láéláé. Ìrẹ̀mídé kéde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọkùnrin ilé ìwé tó bá gbà kí òun ya fídíò rẹ̀. Sódìq gbà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, kò sẹ́ni tó ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ Sátidé tí Islamiat rò pé ọmọ òun wà ní lẹ́sìnnì, Bódìjà ló wà, tí wọ́n fi nǹkan bo ẹyinjú rẹ̀, tí wọ́n ń yin iná sí i lójú. Wọn kò sì dúró sí àárín. Wọ́n tún òkè ṣe, wọ́n tún ìsàlẹ̀ ṣe, títí irun ojú ọmọkùnrin fi di tínrín bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìyá rí i, ó pariwo. Ọmọ ní abẹ ni òun fi fá a, ìyá sì gbà á gbọ́.

Fídíò náà jáde, ó dé ilé ìwé. Igbákejì ọ̀gá àgbà, Mísíìsì Àjàmú, ní ojú àwọn ọmọ yàhúù nìyẹn, kí Sódìq lọ jókòó sílé títí irun náà á fi hù padà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní í ya àwòrán rẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ẹni tí wọn kò bá sì ya àwòrán rẹ̀ kò lè ṣe ìdánwò. Islamiat kò rí fídíò náà, kò sì bá wọn jà nígbà yẹn. Ó gbà pé ọmọ òun jẹ̀bi. Ó ra àdín àgbọn, ó ń fi pa ojú ọmọ lójoojúmọ́. Á gbé ojú náà sí ìmọ́lẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Ó jọ pé ó ti ń yọ." Kò sí ohun tó ń yọ. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n ya àwòrán, ọmọ bú sẹ́kún.

"Ẹ má fi àdín pa á mọ́, Mọ́mì. Kò lè hù mọ́. Wọ́n ti jó gbòǹgbò ẹ̀." Ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Inú bí Islamiat débi pé ó gbàgbé áyọ̀ọ́nù sórí àgbádá oníbàárà. Ó di Bódìjà.

"Ìwọ lo jó ojú ọmọ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, mà," ni Ìrẹ̀mídé wí. "Òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i bó ṣe fine ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló fẹ́ ẹ! Tó bá ní òun fẹ́ mu ọtí, wàá bu fún un?"

"Tó bá jẹ́ irun lẹ fẹ́, mà, a lè fi tàtúù yà á síbẹ̀. Ìyẹn ò ní í parẹ́ láéláé."

Láéláé mìíràn! Islamiat lu tábìlì gbàgà. "Ṣé láéláé nìkan lẹ̀ ń tà níbí ni? Ọmọ tí kò tíì mọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ́la, láéláé lẹ fi lọ̀ ọ́! Yọ fídíò yẹn kúrò." Ó dúró tì í gbagidi títí ó fi yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú Sódìq lọ sí ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ fún Mísíìsì Àjàmú, ó sì ṣàlàyé látòkè délẹ̀.

"Òfin ni òfin, Ìyá Sódìq," ni obìnrin náà wí láìgbójú sókè. "Kó lọ hù ú padà."

"Mo ní kò lè hù mọ́, mà."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀yẹn." Ìgbà yìí ló wá gbójú sókè.

Ibi tí Islamiat kúnlẹ̀ sí ló ti rí i dáadáa. Irun kan ṣoṣo kò sí lókè ojú Mísíìsì Àjàmú. Wọ́n ti fá a dán, wọ́n sì fi pẹ́ńsùlù ìkunjú ya òmíràn síbẹ̀, tọ̀tún ga ju tòsì lọ. Islamiat rọra dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ kọ́kọ́ hu tiyín kí n rí i."

Mísíìsì Àjàmú fẹ́ la ẹnu, àmọ́ Islamiat kò tíì parí.

"Ilé ìwé yìí ni wọ́n ti sọ ọmọ mi ní Afárá. Olùkọ́ yín ń pè é bẹ́ẹ̀, etí yín gbọ́ ọ, ẹ ò rántí òfin. Nígbà tí irun wà, ẹ fi ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí irun lọ, ẹ lé e jáde. Kí ni kó wá fi ojú ẹ̀ ṣe? Kó gbé e sílé kó tó wá? Tí ìdánwò yìí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnu géètì yín ni màá ti máa lọ aṣọ."

Mísíìsì Àjàmú fọwọ́ nu iwájú orí, pẹ́ńsùlù náà sì bá ìka rẹ̀ lọ. Ó wo ìka náà.

"Ẹ mú un lọ bá Luke," ó ní. "Kó tó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́."

Luke ni ayàwòrán tí wọ́n háyà fún iṣẹ́ náà. Ó gbé Sódìq jókòó síwájú aṣọ funfun, ó ní kó gbójú sókè. Ọmọ náà kò gbé e. Ó tún sọ ọ́, Sódìq tún ń wo bàtà rẹ̀. Islamiat lọ dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, ó kàn ń wò ó. Ìgbà tó yá, ọmọ gbé ojú náà sókè. Luke yà á. Ó wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Ó ṣófo díẹ̀, Mọ́mì. Ṣé kí n bá a kun irun díẹ̀ sí i? Kò le rárá."

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò lójú ọmọ mi," ni Islamiat wí.