Oògùn Inú Ebè

Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe ìkéde lórí rédíò. Wọ́n á ní kí aráàlú sá fún oògùn, kí ẹni tó bá mọ ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn wá sọ fún ìjọba. Oògùn wo? “Olóró” tó yẹ kí wọ́n fi kún un, wọ́n á gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá mi.

Abúlé Òwórò ni bàbá mi ti wá bá wa gbé ní àdúgbò Lokongoma ní Lọ́kọ́jà nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Àgbẹ̀ ni. Kò pẹ́ tó dé tó fi kọ ebè sí ẹ̀yìn ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi, tó sì gbin ewùrà sí i. Ọkọ mi, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìlọrin tó ti pẹ́ níbẹ̀, ń bá àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni, bàbá mi jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé mo máa ń jowú. Bí ọkọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Òkun o, Bàbá.” Bàbá mi á bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé bí ẹni tó ń polówó aṣọ ló ṣe máa ń pe ìkíni àwa ará Òwórò yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, a ń jẹ iyán, bàbá mi wá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. “Mo gbọ́ pé ẹ tún mú àwọn kan lójú ọ̀nà Àbújá. Kí ló dé tí wọn ò tán?”

Ọkọ mi rọra ti àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Bàbá, ẹni tí à ń mú nínú ọkọ̀ kọ́ ló ni ẹrù. Alágbàrù lásán ni. Olówó wà níbì kan tí kò fọwọ́ kan ẹrù náà rí. Ó ní ẹni tó ń bá a kó o wọ̀lú. Ẹni yẹn ní àwọn tó ń pín in sí wẹ́wẹ́, àwọn yẹn ló ń wá alágbàrù, kó tó wá kan ẹni tó ń tà á ládùúgbò. Kálukú ò mọ̀ ju ẹni tó gbé e fún un lọ. Bí ẹnì kan bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, wọ́n á yọ ọwọ́ lọ́ràn rẹ̀, ọjà á máa lọ.”

“Á jẹ́ pé ewé lẹ ń já, iṣu wà nílẹ̀,” ni bàbá mi wí.

“Òótọ́ ni, Bàbá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tọpa owó wọn ní báńkì, tá a sì ń gba ilé tí wọ́n fi kọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tún ń ta ara wọn lólobó. Ẹni tó ń lò ó, ìtọ́jú là ń wá fún un. Ẹni tó gbé e fún un là ń lé.” Ó ní kì í ṣe igbó nìkan, pé hóró oògùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì láìsí ìwé dókítà wà lára ohun tó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́.

Bàbá mi ṣíwọ́ jíjẹ. Mo rò pé ẹran ló há a léyín.

Èmi ni mo máa ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní kẹ́mísì ìkóríta wa. Mo ti mọ orúkọ oògùn náà lórí, n kì í mú ìwé kankan lọ mọ́. Mo máa ń kó o fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lò ó láràárọ̀, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Nígbà tó yá, òòyì kọ́ ọ, ó di ògiri mú. Mo sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ẹ̀bìrà kan báyìí, wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní bó bá ń bá a lọ báyìí, rọpárọsẹ̀ ló máa yọrí sí, tàbí ikú. Ó yíjú sí i: “Baba, you dey take your drugs?”

Bàbá mi fò dìde. “Drug kẹ̀? Me, I no dey take drug o!”

Mo bẹ nọ́ọ̀sì, mo ní etí àgbà ni, pé ó ń lò ó dáadáa. Ìbẹ̀rù sì bò mí mọ́lẹ̀, mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, adìyẹ mi kan tí kì í gbélé jẹ́ lọ tú ebè bàbá mi. Mo mú ìgbálẹ̀ kí n lé e, ni mo bá rí nǹkan tó ń dán nínú yẹ̀pẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn: sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ni, ọ̀kan lórí èkejì, nínú ọ̀rá. Hóró kan ò kúrò níbẹ̀.

Mo figbe ta. Ọkọ mi sáré jáde nínú aṣọ iṣẹ́. Ó wo adìyẹ, ó wo oògùn, ẹ̀rín pa á. “Adìyẹ yìí mọ iṣẹ́ ju ajá tá a fi ń tú ẹrù lọ!” Mo ní kó má fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá lọ lóṣòó síwájú bàbá mi tó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

“Bàbá, ta ló fún yín ní oògùn yìí?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ni.”

Èmi tí mo fún un rèé tí mo dúró gbagidi! “Bàbá, ṣebí èmi ni mo...”

“Pa ẹnu rẹ dé!” Kò bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ. Ó wá kọjú sí ọkọ mi. “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ní ẹni tó ń lò ó kọ́ lẹ ń wá, ẹni tó gbé e fún un ni. Kò sì níwèé dókítà. Ṣé kí n máa gbé e mì kí ara mi le, kí wọ́n wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú ọmọ mi lọ? Mo ti jẹun pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà máa ru.”

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú yẹ̀pẹ̀, t’òun ti aṣọ ìjọba. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní oògùn olóró lòun ń sọ, pé èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kò lẹ́jọ́ nínú, pé òun gan-an ni yóò máa rà á láti òní lọ, t’òun ti ìwé dókítà.

“Orúkọ kan náà lẹ ń pe méjèèjì,” ni bàbá mi wí. “Bí wọ́n bá wáá fẹ́ mú ẹni tó rà á, ìwọ ni wọ́n máa mú?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ bu omi wá.”

Mo sáré bu omi. Mo ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, èmi ni mo rò pé mò ń tọ́jú bàbá mi, kí n tó mọ̀ pé ó ti gbà láti kú kó má baà dárúkọ mi. Ayọ̀ náà pọ̀ jù fún mi. Ó gbé oògùn rẹ̀ mì, mo sì dúró tì í títí ó fi mu omi náà tán.