Akọ Yúnyún, Abo Yúnyún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ẹ lè mọ bí ìtìjú náà ṣe tó. Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìfọ̀nyìn, tí àwọn elédè Faransé ń kọ ní Ifangni sára pátákó. Ewé, òdòdó àti gbòǹgbò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn, Ọlọ́run ṣàánú mi.

Ìyá mi ń gbé ní Daagbé, ó sì ń sin ehoro. Àrùn wọ àárín wọn, ó kó wọn lọ pátá, ó ku abo kan ṣoṣo. Abo náà ti lóyún. Lójoojúmọ́ ni màmá ń sọ pé bí eléyìí bá sáà ti bímọ, ilé òun yóò tún kún. Àfi bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹsẹ̀ kọ bíríkì lẹ́nu ọ̀nà, tó ṣubú, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni yóò wá máa já ewé fún ehoro? Èmi tí mo gba ìsinmi ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

“Màmá, ṣé ewé lásán lẹ fi ń dààmú ara yín nígbà tí mo wà ńlẹ̀?”

Yúnyún ló ní kí n já wá. Ó ní òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àti pé béèyàn bá gé e mọ́lẹ̀, yóò tún rú láti ìdí. Bọ̀n, iṣẹ́ ti parí. Mo gun zẹ́mì, ọ̀kadà akérò wa, a gba ọ̀nà Igolo, mo sì rí òdòdó rúsúrúsú tó ga jù mí lọ, ó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n má baà ṣìnà. Fóònù mi dáhùn pé òdòdó oòrùn ará Amẹ́ríkà ni, ó sì to irú rẹ̀ márùn-ún tó ń hù padà lọ́dọọdún sílẹ̀ fún mi, orúkọ wọn gùn tìrìgbọ̀n. Mo já ẹrù kan.

Onízẹ́mì wò mí títí. “Mùsíè, ẹ fẹ́ fi wẹ̀ ni?”

“Olùkọ́ ewéko ni mí,” mo dá a lóhùn. Ó ní òun tọrọ àforíjì.

Mo délé, ehoro gbóòórùn rẹ̀, ó kọ̀dí sí mi. Màmá ní kí n gbé ewé náà wá. Ó fọwọ́ ka àwọn ìka tó yọ létí ewé náà, ó bu orí rẹ̀ jẹ, ó tu ú dànù.

“Jogbo lo já wá! Ṣé o fẹ́ kí oyún bàjẹ́ lára ẹ̀ ni?”

Lọ́jọ́ kejì mo já yúnyún gidi, àwọn aládùúgbò ló sì fi hàn mí, mi ò ní purọ́. Mo ń yan bọ̀ nílé bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Màmá fọwọ́ pa á lára, ó mi orí. Ó ní akọ ni mo já, abo ni ehoro tó lóyún ń jẹ.

Akọ kẹ̀? Abo kẹ̀? Ìwé tí mo kà bá dìde lórí mi. Mo yá díígí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì kúnlẹ̀ sínú igbó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mò ń wá òdòdó tó jẹ́ ọkùnrin. Àwọn tó ń kọjá rò pé mo rí owó he, wọ́n ń kí mi kú oríire. Gbogbo òdòdó tí mo tú wò ló ní akọ àti abo nínú ara rẹ̀. Mo sáré lọ bá màmá pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó? Èyí tó le, tó ń họ èèyàn lọ́wọ́, là ń pè ní akọ. Abo ni èyí tó rọ̀, tó ń fara ti igi. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìwọ náà kàwé ṣá!”

Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ehoro kò jẹ nǹkan gidi, ó sì ti ń fa irun àyà rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ibi tí yóò bí sí. Màmá kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí oyún yẹn bá bàjẹ́, èmi ọ̀mọ̀wé ni mo bà á jẹ́.

Mo padà sínú igbó, mo já gbogbo ohun tó bá ti so òdòdó rúsúrúsú, mo dà wọ́n sí màmá lẹ́sẹ̀. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. “Èyí ni.” Ehoro sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, à ń gbọ́ ọ kárakára. Èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo fò sókè.

Ehoro bímọ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mẹ́fà! Mo fa màmá dìde, mo gbé e lé èjìká títí dé ìdí àgò ehoro.

“Màmá, ẹ wò wọ́n! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà du ọmú!”

Ó ti ọwọ́ bọ inú irun náà, ó rọra ń kà wọ́n. “Kí ni n ó fi wò wọ́n, ọmọ mi?”

Mo wo ojú rẹ̀. Méjèèjì ti funfun. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

“Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí o tó wá ṣọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ mi,” ó ní. “O jẹun, o sì lọ.”