Ọkọ̀ Agogo Mẹ́ta ní Róòmù

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọbìnrin mi nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń kàwé níbẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀, òun náà ni yóò sì mú un dé pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó bá ń padà sọ́dọ̀ wa ní Mẹ́kà. Láti ibẹ̀ lọ, ọmọ náà nìkan ni. Yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Róòmù, yóò wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ wá sí Jẹ́dà.

Ọkùnrin kan ní Al-Ruwais, ní Jẹ́dà, ló ṣètò ìrìnàjò náà. Nígbà tí mo ka tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣe, mo rí i pé àkókò rẹ̀ kò bára mu. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù lágogo mọ́kànlá òwúrọ̀; èkejì yóò kúrò ní Róòmù lágogo mẹ́ta ọ̀sán. Mo gbé rúlà lé máàpù. Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Róòmù tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún máìlì, ọkọ̀ òfuurufú ìgbà náà kì í sì í sáré ju nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún lọ ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Agogo Róòmù sì fi wákàtí kan ṣíwájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọmọ mi bá ń balẹ̀, agogo mẹ́ta ibẹ̀ ti lù, ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ ti ń lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí òmíràn tó tún wà.

Àlàájì, onílé wa ní Jarwal, àdúgbò tí a ń gbé ní Mẹ́kà, bá mi lọ sí Jẹ́dà, torí èdè Lárúbáwá mi kò já gaara. Láti Ìlọrin ni òun ti fẹsẹ̀ rìn wá sí Mẹ́kà nígbà èwe rẹ̀, ó sì fi ẹ̀rín pa mí nínú ọkọ̀ títí a fi débẹ̀. Ó ní ìrìn tí oúnjẹ ò ní tíì dà nínú ọmọ kó tó parí, òun ni mo ń fi rúlà wọ̀n.

Ọlọ́jà tíkẹ́ẹ̀tì bu ṣáì, tíì wọn, fún wa. Ó ní láti mọ́kànlá sí mẹ́ta, wákàtí mẹ́rin ni; ìrìn jẹ́ mẹ́ta, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo ní kí Àlàájì bi í bóyá òun kọ́ ló yí aago ọwọ́ rẹ̀ sí méjìlá nígbà tí oòrùn wọ̀ lánàá, bí gbogbo ará ìlú yìí ti ń ṣe, tó jẹ́ wíwọ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ka wákàtí. Ṣé ìlú tí oòrùn kò tíì wọ̀ máa ń bá Jẹ́dà ka méjìlá ni?

Àlàájì kò túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Tísà, má bú ọkùnrin náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá fi í sílẹ̀, òmíràn á gbé e. Ọdún mẹ́fà ni mo lò lójú ọ̀nà. Ṣé mi ò dé ni?"

Ohùn mi ga. "Ẹ dé, Àlàájì. Àbúrò yín obìnrin tí ẹ jọ kúrò nílé ńkọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún wa pé ilẹ̀ Sùdáànì ni wọ́n sin ín sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó gbé ife ṣáì sílẹ̀. Kò wò mí. Ó kọjú sí ọkùnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ Lárúbáwá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọlọ́jà. Ó fa ìwé àkókò ọkọ̀ yọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun yóò tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ agogo méje àárọ̀.

Inú mi kò tíì rọ̀. Mo ní kí Àlàájì bi í pé agogo méje ìlú wo.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó bi í.