Ewé Furúùtù ní Àgbàlá Tọ̀yìbátù

Ìgbà tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Badagry ni Ishaq, ọkọ Tọ̀yìbátù, gbé igi furúùtù náà wálé nínú agolo mílíìkì. Ó ń wa katakata fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Owó epo ń wọ ìlú nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀. Tọ̀yìbátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ni. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó gbin igi náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn mọ́ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, igi náà ti bo ìdajì àgbàlá. Ishaq ti kú. Rábí, àkọ́bí wọn, àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ wọn. Abẹ́ igi náà ni Tọ̀yìbátù ti ń gé àlùbọ́sà, ibẹ̀ ló ti ń sinmi lọ́sàn-án, ibẹ̀ ló sì ti ń gba àlejò. Ó gbin òdòdó pupa àti funfun yí i ká, ó to òkúta sí etí wọn. Ilé tó wà ní Ajara yìí kò tóbi, àmọ́ ẹni tó bá yà láti ojú ọ̀nà a kọ́kọ́ dúró lábẹ́ igi kó tó rántí kí onílé.

Ewé furúùtù fẹ̀ bí àwo. Tí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á pọ́n, wọ́n á sì máa já bọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Gbígbá wọn kò jẹ́ nǹkankan fún Tọ̀yìbátù, àfi ìgbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó gba ẹni tó ń bá a gbálẹ̀. Ẹni náà lọ sí Èkó. Ó gba òmíràn. Ìyẹn ń kó ewé pa mọ́ sí ìdí òdòdó. Ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ó tẹ ewé tí ìrì ti rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìbàdí lélẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde lórí ẹní.

Alhaji Fàsásì, ẹ̀gbọ́n Ishaq, ló ń ti Aradagun wá wò ó. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni tẹ́lẹ̀. Tọ̀yìbátù kì í pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ. Baba Akọ̀wé ló ń pè é.

"Ìyàwó," ó ní lọ́jọ́ tí obìnrin náà tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, "igi yẹn á kúrò níbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba Akọ̀wé."

"Egungun rẹ kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Tí ọyẹ́ mìíràn bá dé tí mo bá ewé nílẹ̀ yìí, èmi àti Mákánjú la jọ máa wá."

Mákánjú ló ń fi ayùn onímọ́tò gé igi káàkiri agbègbè náà. Fàsásì kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Òun ló dàgbà jù nínú ẹbí, ilẹ̀ ẹbí sì ni.

Ọgbà ilé ìtura kan létí òkun ni Tọ̀yìbátù ti rí ẹ̀rọ náà. Ó kó aṣọ tó ń tà lọ fún oníbàárà rẹ̀ kan níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ tó ní ẹnu gígùn dání, atẹ́gùn ń jáde níbẹ̀, ewé ń sá níwájú rẹ̀. Ohun tí Tọ̀yìbátù rí ni pé ọkùnrin náà dúró ṣánṣán. Kò tẹ̀ba rárá. Tọ̀yìbátù kò wo ilẹ̀ tí ọkùnrin náà dúró lé. Símẹ́ńtì ni.

Kí ọyẹ́ tó dé, ó lọ sí Seme, sọ́dọ̀ Dúrósinmí tó ń ta tòkunbọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Kùtọnu.

"Mọ́mì, èyí ni tiyín." Dúrósinmí fọwọ́ lu ẹ̀rọ ńlá kan tó ní okùn èjìká méjì. "Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ó lè ṣí òrùlé."

"Ta ló ní òrùlé mi ń yọ mí lẹ́nu? Ọmọ ni mo máa ń pọ̀n, mi ò pọn ẹ̀rọ rí."

"Ó dáa. Ẹ wo kékeré yìí. Kò lariwo, kò wúwo, iná ló ń lò."

"Iná ta ni?"

Dúrósinmí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, mo gbàgbé orílẹ̀-èdè tí mo wà."

Ẹ̀kẹta ń lo bẹntiróòlù, ọwọ́ kan ni wọ́n sì fi ń gbé e. Tọ̀yìbátù gbé e, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Dúrósinmí léèrè ìyàwó rẹ̀, ó bi í léèrè àwọn ọmọ, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ gbé e sílẹ̀ ká sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Tó bá máa wúwo, ibí ni kó ti wúwo."

Kò wúwo. Ó ní kó tan án. Dúrósinmí fa okùn, ẹ̀rọ náà ké.

"Ṣé ó lè fẹ́ jẹ́jẹ́?"

"Jẹ́jẹ́ kẹ̀? Ta ló ń ra ẹ̀rọ kó lè fẹ́ jẹ́jẹ́?" Àmọ́ ó fi hàn án. Téèyàn bá rọra tẹ ibì kan lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, á mí bí ẹni tó ń sùn. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tán, á bú. Tọ̀yìbátù tẹ̀ ẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ìyẹn ló rà.

"Ẹ máa po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù o," Dúrósinmí ní, "bí àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ń ṣe. Bẹntiróòlù nìkan á pa á."

Ìyẹn kò le. Ọkọ Dosi, aládùúgbò rẹ̀, ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀sà. Òun ló po ti Tọ̀yìbátù mọ́ tirẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìdájí ni wọ́n ń gbálẹ̀ ní Ajara. Ilé tí oòrùn bá là bá ewé ní àgbàlá rẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, tàbí òkú. Tọ̀yìbátù kò ro àkókò mìíràn. Ó kírun tán, ó wé gèlè bo etí, ó fa okùn.

Ìrì ti lẹ ewé mọ́lẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, wọn kò mira. Ó fi kún un, etí wọn gbọ̀n. Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ewé dìde lóòótọ́, yanrìn sì bá wọn dìde, nítorí ìrì kò wọlẹ̀ jìn, yanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ. Gbogbo rẹ̀ fò kọjá ọgbà sórí ẹní tí Dosi sá edé sí.

"Mawu mi o! Ọlọ́run mi o! Ìyá Rábí, ṣé ẹ fẹ́ sin mí láàyè ni?"

Tọ̀yìbátù pa ẹ̀rọ. "Dosi, má bínú. Ewé ni mo ń lé."

"Ewé yín rèé nílẹ̀. Àgbàlá yín lẹ kó wá fún mi. Àbí ìjì ni wọ́n tà fún yín ní Seme?"

"Màá bá ẹ ṣe é."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ máa ṣa yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan?" Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán, àmọ́ edé rẹ̀ ló ń wò.

Tọ̀yìbátù wo ìdí igi. Ẹ̀rọ ti fẹ́ yanrìn ibẹ̀ lọ, gbòǹgbò ti yọ síta bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́. Tó bá ń bá a lọ báyìí, igi náà kò ní dúró de Mákánjú.

Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń fi atẹ fẹ́ edé. Dosi kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó ń sọ edé sókè díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń gbé èèpo lọ. Yanrìn wúwo jù ú lọ, ó ń bọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Tọ̀yìbátù wo èèpo títí, ó wá wo àgbàlá rẹ̀. Àwọn ewé tí kò mira ní ìdájí ti gbẹ. Atẹ́gùn kan náà ń yí wọn kiri lórí yanrìn, yanrìn kò sì dìde.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun bí Dosi ṣe ṣe, ó na ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ gbọọrọ, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ewé ṣí, wọ́n ń lọ níwájú rẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ń dà wọlé. Ó dà wọ́n dé igun, ó gbé ẹní bò wọ́n. Ara ìbàdí rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ló ń gbálẹ̀. Èyí tó bá já lóru á wà nílẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ mìíràn, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì rí i.

Àṣàbí, ìyàwó lèmọ́mù, ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ti fajú ro bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Tọ̀yìbátù, wọ́n ní kò sí ìgbálẹ̀ níbí. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkankan. Mo wà láàyè."

"Mo rí i. Ìwọ nìkan?"

Tọ̀yìbátù rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé. Àṣàbí gbọ́, kò gbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Aradagun pé Ìyá Rábí tún ti ṣubú, pé ilé rẹ̀ kò rí ìgbálẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàsásì dé. Mákánjú wà lẹ́yìn rẹ̀, ayùn wà léjìká rẹ̀. Ewé pọ̀ nílẹ̀.

"Wọ́n ní o ṣubú."

"Rárá o, Baba Akọ̀wé. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn."

"Ewé rèé."

"Òun náà ni."

"Mo sì ti sọ̀rọ̀."

Mákánjú sọ ayùn kalẹ̀, ó ń wo òkè igi, ó ń wá ibi tó máa gbà ṣubú. Tọ̀yìbátù lọ dúró sí ìdí igi.

"Ẹ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ ò tíì rí bí mo ṣe ń gbálẹ̀ báyìí. Ẹ jókòó títí di alásàrí. Tí mo bá tẹ̀ba lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ní kí Mákánjú gé e."

Fàsásì wo igi, ó wo obìnrin náà. Oòrùn ti ń mú. Ó fa àga sábẹ́ igi, ó jókòó. Mákánjú sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn rẹ̀. Tọ̀yìbátù fún wọn ní ẹ̀bà àti ẹja.

Lẹ́yìn alásàrí, ó ké sí Dosi kó kó ẹní rẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi, láti ìdí igi dé ọgbà, kò yára. Fàsásì kò wo ewé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, bóyá á tẹ̀ba. Kò tẹ̀ba.

"Ó dáa," Fàsásì ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán. "Ọ̀la ńkọ́? Tí o bá jáde ní ìdájí tí ìrì wà lórí èyí tó bá já lóru?"

"Kí ni mo fẹ́ jáde lọ ṣe ní ìdájí?"

Fàsásì ń wo òkè igi.

"Baba Akọ̀wé, ilẹ̀ ni mo jáde lọ gbá lọ́jọ́ tí mo ṣubú. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń gbé mi jáde kí ìrì tó gbẹ. Ní báyìí, oòrùn ló ń ṣáájú mi dé àgbàlá."

Fàsásì na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o."

Kò rọra. Fìlà rẹ̀ fò lọ bá ewé ní igun, Mákánjú yí sílẹ̀ lẹ́rìn-ín, Dosi yọjú lórí ọgbà: "Alhaji, ẹ̀yin náà?"

Fàsásì kò bínú. Ó gbé e rìn káàkiri títí ìmọ́lẹ̀ fi dín kù, kò sì tètè fẹ́ gbé e sílẹ̀. "Gé ẹ̀ka tó wà lórí páànù yẹn," ó ní fún Mákánjú. "Ìyẹn nìkan."

Fàsásì dúró di Jímọ̀. Lẹ́yìn ìrun, ó dìde ní mọ́ṣáláṣí Ajara, ó ní Ìyá Rábí, ìyàwó ẹbí àwọn, ti ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́, pé òun ló fọwọ́ sí i, pé kí ẹnikẹ́ni má lọ kí i kú ọ̀fọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn là bá ewé pupa káàkiri àgbàlá. Tọ̀yìbátù jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń dúró kí ìrì gbẹ. Àṣàbí ń kọjá lọ sọ́jà. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkè igi.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ó ní, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.