Kọ́bọ̀ Tí Súbérù Fi Ń Tẹ́tí sí Fíréèmù

Ìka méjì ló fi mú kọ́bọ̀ náà. Kò há a mọ́wọ́, kò sì jẹ́ kó yọ̀. Ó gbé e sókè díẹ̀, bí ìwọ̀n èékánná kan, ó sì jẹ́ kó já lé ara irin fúnra rẹ̀. Kọ́. Ó sún un síwájú ní ìbú ìka kan. Kọ́. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó di ojú, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ jẹ́ ìpè. Kọ́.

Bí Súbérù ṣe ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò nìyẹn, ní Ṣógúnlé, láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Kẹ̀kẹ́ ológeere. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ wá láti Òṣòdì, láti Ìsọlọ̀, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ kó tẹ́tí sí i ni. Bàbá Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹ̀pà yíyan. Kò sí ohun tó ṣeé fi rà mọ́ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Mardiyah, ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìka ìyá rẹ̀ ṣáájú kọ́bọ̀. Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ ọjà. Ìyá rẹ̀ kì í ra igbá láìkàn án. Yóò gbé igbá súnmọ́ etí, yóò fi eegun ìka kàn án yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Igbá tó gbó dáadáa yóò dáhùn. Èyí tó ti ya nínú yóò gbé ohùn mì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e fún Súbérù, ọmọ ọdún méje. "Gbà. Ìwọ náà gbọ́." Ohun tí ọmọ náà bá sọ ni ìyá máa ń gbà.

Inú onígbá kì í dùn sí i. "Ìyá Súbérù, ṣé igbá lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ bá a tàkúrọ̀sọ?"

"Bó bá ti dá ọmọ mi lóhùn, mà á rà á."

Etí yẹn ló gbé wá sí Èkó. Ọ̀gá Olúbọ̀wálé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ojú irin, gbà á síṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ ìgbà yẹn dúdú, onírin wúwo. Àwọn ọmọdé máa ń háyà wọn níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Pápá ṣì wà nígbà yẹn. Eruku. Igbe ayọ̀. Orúnkún tó bó. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo sípánà orí tábìlì á máa gbọ̀n, ọ̀gá á sì dáwọ́ dúró títí yóò fi lọ tán. "Dúró kí ariwo lọ, Súbérù. Irin kì í purọ́. Etí ẹni ló ń purọ́." Nígbà tí ọ̀gá náà fẹ̀yìn tì, kọ́bọ̀ yẹn nìkan ló fi lé e lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ ti Súbérù fúnra rẹ̀, alumínọ́ọ̀mù ni. Irin rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ìkòkò sílífà. Táyà gbàǹgbà, onígun ṣákaṣàka, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Inú ẹrù tòkunbọ̀ ní Apakun ló ti ṣà á, lọ́dún tí Mardiyah bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó di ìrọ̀rí kékeré mọ́ ọ̀pá iwájú. Ibẹ̀ lọmọ náà ń jókòó sí láràárọ̀, yóò máa fi èékánná kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò di ojú. Gbogbo òpópónà á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá Kọ́bọ̀ àti Ọmọ Kọ́bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló ń gùn lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́dọọdún bí Iléyá bá kù dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ méjì. Yóò sùn ní Abẹ́òkúta. Mọ́tò wà, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ nìkan ni òórùn ilé ti máa ń pàdé ẹni lọ́nà.

Lọ́dún yìí, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń nu kẹ̀kẹ́ náà, àkísà sì há. Lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ọ̀pá méjì ti pàdé. Ó tún un nù. Àkísà tún há. Ó wò ó. Ìlà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó lọ jẹun. Ó padà wá. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Wẹ́dà òdìkejì títì ní òun á jó o pọ̀ kíá. Súbérù mi orí. Alumínọ́ọ̀mù tí iná bá tún kàn kì í le bíi ti àkọ́kọ́ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó ni yóò tún ti ya. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn. Kò lè wá purọ́ fún ara rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Bí fíréèmù, egungun kẹ̀kẹ́ náà, bá dá lórí ọ̀kan nínú wọn, òkú ni wọn ó gbé délé.

Fíréèmù mìíràn, nígbà náà. Tàbí kó má lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Mardiyah gba Apakun lọ. Mardiyah ti di aránṣọ báyìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ọlálérè tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ rí wọn lókèèrè.

"Bàbá Kọ́bọ̀! Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan orí mi o. Mo mọ̀ pé ó ti ya."

"Ta ni yóò fi kọ́bọ̀ ṣòfò?"

Fíréèmù méjì ló bá wọn. Ọ̀kan, alumínọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Èkejì dúdú, ó ń dán. Kábọ̀nù. Kì í ṣe irin rárá. Okùn tínínrín ni wọ́n hun bí aṣọ, tí wọ́n wá fi oje lẹ̀ pọ̀ títí ó fi le ju igi lọ. Ọlálérè fi ìka kan ṣoṣo gbé e.

"Ẹ wò ó. Kí n tó mu ẹ̀kọ tán níbí, ẹ ti dé Abẹ́òkúta."

Súbérù fọwọ́ pa á. Ó rí híhun náà lábẹ́ dídán rẹ̀, ìta àti ìwun, okùn òró àti okùn ìbú, bó ṣe máa ń wà lórí òfì tí bàbá rẹ̀ fi ń hun aṣọ ní Ìṣẹ́yìn. Aṣọ ni. Aṣọ tí èèyàn lè gùn lọ sílé. Ó yọ kọ́bọ̀.

Kó. Kó. Kó.

Ohùn igbá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Láti ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé ibi ìjókòó, láti ibi ìjókòó dé ìsàlẹ̀, ọjà Ìṣẹ́yìn ló ń gbọ́. Ó la ojú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dá mi lóhùn."

"Dádì," Mardiyah wí, "ẹ tún ìsàlẹ̀ yẹn kàn. Níbi tí pẹ́dà ń wọ̀."

Ó kàn án.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Kí ni kí n gbọ́?"

Ọlálérè bú sẹ́rìn-ín. "Mardiyah, má ba ọjà mi jẹ́ o! Ìgbà wo lo di ọ̀gá?"

Mardiyah na ọwọ́, bàbá rẹ̀ sì fi kọ́bọ̀ sí i. Ó gbé e sókè bí ìwọ̀n èékánná kan. Ó jẹ́ kó já. Kó. Kó. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, pù. Bí ẹni kan ìrọ̀rí. Ó tún un ṣe. Pù.

Súbérù ò gbọ́ pù kankan. Ohun tó rí ni ojú Ọlálérè. Ẹ̀rín ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tan iná fóònù sínú ihò ìsàlẹ̀ náà. Híhun ti tú nínú lọ́hùn-ún, ìpele lórí ìpele, bí etí aṣọ tí wọn ò rán.

"Wàláì, ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀."

Ọlálérè lọ ń to táyà tó ti wà ní títò tẹ́lẹ̀. Mardiyah rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti gbọ́ mọ́, Dádì?"

"Iléyá èṣí. Mo ń gbọ́ nǹkan o. Ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mò ń gbọ́."

"A lè wá kábọ̀nù mìíràn. Mà á bá yín kàn án."

"Bí mo bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìṣẹ́yìn ńkọ́? Ìwọ lo máa wá bá mi kàn án níbẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ fa fíréèmù aláwọ̀ eérú mọ́ra. Ó yọ àkísà nínú àpò, ó nù ún láti òkè délẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó fi èékánná tọ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Àkísà ò há. Ó tún un nù.

"Èyí, bó bá fẹ́ ya, ojú á rí i. Ọwọ́ á mọ̀. Inú ni tọ̀hún ti ń bàjẹ́, etí ló sì ń sọ fún."

"Ó wúwo díẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n," Ọlálérè wí láti ẹ̀yìn táyà.

"Èmi náà wúwo."

Wọ́n gbé e lọ sílé. Súbérù gbé fíréèmù àtijọ́ kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ti òun ti ìrọ̀rí kékeré rẹ̀. Ó rántí pé òun ò gba kọ́bọ̀ padà lọ́wọ́ Mardiyah. Kò bèèrè rẹ̀.

Ó gun alumínọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú náà dé Ìṣẹ́yìn nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, Mardiyah ló ń kan fíréèmù ní ṣọ́ọ̀bù, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Súbérù ń fi àkísà nù wọ́n.